Ọwọ́ Ọ̀tún Rẹ Kò Lárùn Kankan

Ọmọ mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ, gbogbo ará ilé kí ọ pátá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì bá ọ nínú aṣọ sójà rẹ, torí ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ara wa le díẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti tún ń jò, adìẹ dúdú ìyá rẹ yẹn sì ti pa ọmọ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n n kò ráyè wò wọ́n, oorun kò sì kùn mí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ fídíò orí ayélujára tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni. O ní kí á wá wo bí ẹ ṣe ń kun ògiri bárékè yín, inú wa sì dùn, èmi àti ìyá rẹ jókòó, mo wọ jígí ojú mi. Mo rí ọ tí ò ń bọ̀, o gbé korobá ọ̀dà funfun kan lọ́wọ́ ọ̀tún, o gbé òmíràn lọ́wọ́ òsì. Lójijì ni ọ̀gá kan yọ níwájú, ìràwọ̀ mẹ́ta ló wà léjìká rẹ̀, mo dá fídíò náà dúró láti kà wọ́n. Mo ní ọmọ mi yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ orí báyìí, yóò ṣe sàlúùtù. Háà! O kò gbé e! O kàn yí ojú sí i, o la ẹnu, o sì kọjá lọ pẹ̀lú korobá méjì bí ẹni tó lọ pọnmi. Omi tí mò ń mu pá mi lórí.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹjọ bóyá mo ṣì í rí, ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ni o kò sì ṣe sàlúùtù. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni àwòrán ojú kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ igba ó lé mẹ́rìnlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo lọ bu omi mu, mo padà ṣí i, ó ti di igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn ni pé láàárín ìgbà tí mo lọ sídìí àmù, ọ̀gá mìíràn tún ti yọjú wo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi! Mo pa fóònù náà lójú ẹsẹ̀, mo wé e mọ́ aṣọ, mo tì í mọ́nú àpótí. Ìdí nìyí tí o fi ń pè tí kò wọlé, tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Ìyá rẹ ní kí ni mo fẹ́ kí ọmọ òun ṣe, ṣé kó da ọ̀dà sí ọ̀gá lẹ́sẹ̀ ni? Ó ní ọkùnrin tí kò lè gbé korobá kan dé balùwẹ̀ láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì ló ń kọ́ ológun níṣẹ́. Mo ní kó dákẹ́, pé kò mọ òfin.

Ọmọ mi, wá gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí o má bínú sí mi. Mo jókòó ti tábìlì, mo fi bírò tuntun kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá àgbà bárékè yín, ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bọ́ aṣọ ìjọba lára rẹ. Nígbà tí mo wá wá ìdí tí mo lè sọ, tí n kò rí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti kékeré ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ kò ti ṣeé gbé sókè dáadáa, pé o já bọ́ lórí àga nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọlọ́run mọ̀ pé o kò já bọ́ lórí àga kankan. Mo tún fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè tètè rí i. Àárọ̀ àná ni mo lọ fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ wá sílé ni mo yà lọ́dọ̀ Bàbá Sójà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé báyìí. Mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní sójà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá kún kì í ṣe sàlúùtù, ṣe ni yóò nà ró, yóò yí orí sí ọ̀gá, yóò fi ẹnu kí i, ó parí. Ó ní ká ní korobá kan ni, ọwọ́ òsì ni ò bá fi gbé e, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìgbà kan wà tí òun ju ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ nítorí àtiṣe sàlúùtù, gbogbo bárékè ló sùn lébi, ọ̀gá tí òun kí gan-an ló sì fìyà jẹ òun.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe sí sójà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè. Ó ní ilé ni wọ́n ń dá irú ẹ̀ padà sí, torí báwo ni yóò ṣe di ìbọn mú? Ó bi mí pé kí ló dé.

Mo sáré padà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, èmi tí orúnkún ń dùn. Akọ̀wé ibẹ̀ ní àpò lẹ́tà ti lọ. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń béèrè ohun tí a fi ránṣẹ́, ó ní kí n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé irọ́ ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọra ní kí bàbá jókòó ná, kí òun bu omi wá fún mi.

Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìgboro yín, kó lè ṣáájú ti àná débẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, tètè lọ bá ẹni tó ń pín lẹ́tà ní bárékè. Àpòòwé funfun ni, mo lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o kò bá rí i gbà, máa gbé ọwọ́ ọ̀tún yẹn sókè lójú gbogbo wọn: ṣe sàlúùtù fún ọ̀gá, fún alásè, fún ẹni tó ń gbálẹ̀, sì máa sá aṣọ sórí okùn tó ga jù, kí gbogbo wọn lè jẹ́rìí pé ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Tún fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n wá jẹ́wọ́ fúnra mi níwájú ọ̀gá àgbà pé èmi ni mo purọ́, kí wọ́n ti èmi mọ́lé, kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi owó páànù òrùlé kún un. Mo ti fi kún un. Má pè mí o, ojú wọ̀nyẹn ṣì wà nínú fóònù.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún wa. Ìràwọ̀ yóò hù léjìká tìrẹ náà. Apá rẹ kò ní rọ láé. Ire yóò máa kún ọwọ́ rẹ méjèèjì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí o bá ti rí ọ̀gá lọ́ọ̀ọ́kán, jọ̀wọ́, kó gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ òsì.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀.