Àlàáfíà Tí Mo Kọ sí Adájọ́

Agbo Ilé Oyèlárán,
Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù Kejì, 1996.

Oyèbánjí ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò tíì wọnú egungun rẹ? Ọlọ́run tí ó mú ọ dé ọ̀hún kò ní fi ọ́ sílẹ̀ o. N kò ní sọ bí àwa ṣe wà, nítorí o ti kìlọ̀ fún mi.

Lẹ́tà rẹ dé, ó sì ká mi lára. O ní èyí tí mo kọ sí adájọ́, pé kí ó jẹ́ kí o máa gbé ọ̀dọ̀ wọn nítorí àwọn ṣọ́jà tí ń wá ọ torí ohun tí o kọ sínú ìwé ìròyìn, òun gan-an ló fẹ́ ba ẹjọ́ rẹ jẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, a kò ní ìyọnu kankan. Adájọ́ wá ní bí ìyá tó wà nílé bá wà ní àlàáfíà, ta ló wá ń lé ọmọ? Ó ní ó jọ pé irọ́ ni o ń pa. Háà! Ta ló kọ́ ọkùnrin yẹn ní lẹ́tà kíkà? Ṣé ẹkún ni kí n kọ́kọ́ sun sí àlejò létí, láìtíì kí i?

O tún ní adájọ́ ń bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi sọ pé ṣọ́jà mẹ́ta ló wá mú ọ nígbà tí o kọ́kọ́ rojọ́, tí o wá sọ pé mẹ́rin ni nígbà kejì. Bá mi bi í, ṣé ẹni tí ń fo fèrèsé a máa dúró ka àwọn tí ń lé e ni?

Fọ́tò ilẹ̀kùn tí àwọn ṣọ́jà fọ́, tí lọ́yà rẹ béèrè, mo ti yà á. Mo ta kọ́tìnì tuntun bo ibi tó fọ́, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú òyìnbó. Nígbà tí Olúbùnmi àbúrò rẹ rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní màmá, ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí ẹ yà, ẹ ya kọ́tìnì. A ó tún un yà. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún fọ́tò náà, àti fún káfíńtà lẹ́yìn rẹ̀, torí ewúrẹ́ ilé Àlàní ti sọ pálọ̀ wa di ọ̀nà.

Wàyí o, kí lọ́yà rẹ fi èyí han adájọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Àwọn ṣọ́jà tún padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n béèrè rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ, wọ́n sì gbá a létí níṣojú mi. Bàbá rẹ ní kí n má sọ ọ́, pé a kì í kọ irú èyí sí ọmọ tó wà lájò. Mo kọ ọ́.

Gbogbo ìyá ló ń gbàdúrà kí ọmọ òun tètè wálé. Èmi ń bẹ Ọlọ́run kí ó má jẹ́ kí wọ́n dá ọ padà wá bá mi. Ilẹ̀ tí o tẹ̀ yóò gbà ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mojíre.