Orúkọ tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ẹrù

Òmù-Àrán,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1982.

Olówó orí mi,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó rí bí ìgbà tí adìẹ bá ta ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ọ̀rọ̀ mi náà kì í sì í yá, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Àlàáfíà la wà, Bàbá wà, Ìyá wà, ewúrẹ́ yín bí ìbejì. Mo ń bẹ Ọlọ́run láràárọ̀ kí Èkó rántí pé ńṣe ló yá yín lọ, ilé ló ni yín.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì Bàbá ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́líìtì tí a fi ń di ẹrù, tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ yín, níbi tí ẹ ti ń ran àwọn mánijà ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kí ẹrù wọn lè wà ní dídì bí ìjọba ṣe fẹ́, ó dé pẹ̀lú ìwé òfin àti fọ́ọ̀mù méjì. Mo ka òfin náà sétí Bàbá: ohunkóhun tó bá wà lórí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mira. Wọ́n di iṣu títí iṣu fi dákẹ́, ó wá ku Jàrátù oníṣu tó máa ń jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Jàrátù ní òun ti san owó ọkọ̀, òun kì í ṣe iṣu. Bàbá ní ṣé ó máa ń mira àbí kì í mira. Ni wọ́n bá dì í mọ́ iṣu pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ kó lè jẹ àkàrà.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Èmi nìkan ló mọ̀wé nílé, mo sì kọ ọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n bèèrè bí ẹrù ṣe wúwo tó, mo kọ pé ó wúwo gan-an. Wọ́n bèèrè ẹni tó ni ọkọ̀, mo kọ Bàbá Wa. Wọ́n bèèrè dírẹ́bà tó di ẹrù, mo kọ Eyínfúnjowó, torí orúkọ tí mo sọ àbúrò yín nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Wọn kò sọ fún mi bóyá kíkọ jẹ́ pípè, mo sì ní kí n má fi ìyàwó tuntun dán an wò.

Ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ yín fi síbẹ̀ láti máa yẹ ẹrù wò dá wọn dúró. Eyínfúnjowó ló wá ròyìn fún wa. Ó ní ọkùnrin náà mi ẹrù, ẹrù kò mì, ó mi okùn Jàrátù, Jàrátù bú u. Ọkùnrin náà ní òun kò rí ẹrù tó dì tó báyìí rí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀. Ó wá ka fọ́ọ̀mù, ó ní ta ni Eyínfúnjowó. Àbúrò yín bá rẹ́rìn-ín fún un kó lè rí i. Ọkùnrin náà ní lóòótọ́ ó funfun, ṣùgbọ́n eyín kọ́ ni wọ́n kọ sínú láísẹ́ǹsì, àti pé Bàbá Wa tí òun mọ̀ kò ní lọ́rì. Jàrátù ti fi ọkọ̀ mìíràn kó iṣu rẹ̀ lọ. Lọ́rì Bàbá ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ kẹrin rèé, ó di ìgbà tí a bá mú fọ́ọ̀mù tó ní orúkọ gidi lọ.

Tíṣà Dáníẹ́lì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ní àwọn á bá wa kọ ọ́ kíákíá, àwọn náà ló bá mi kọ orúkọ yín sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sọ fún Bàbá pé ọ̀rọ̀ òfin ni, ọmọ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ló yẹ kó wá kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, fọ́ọ̀mù kejì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Oṣù mẹ́ta ti pé tí ẹ ti lọ, ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo sì fi rí yín lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Bí owó díẹ̀ bá wà, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni, owó tí ẹlòmíì bá gbé máa ń mira lápò, ẹ gbé e wá fúnra yín. Ẹ mú ọṣẹ dání. Okùn tó so yín mọ́lé kò ní já, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ tètè wá, torí orúkọ kan ń bọ̀ nínú ilé yìí lóṣù kẹsàn-án tí èmi náà á lè pè sókè, nítorí èmi ni màá bí i. Mi ò tíì sọ fún Ìyá, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, mo ti rò ó, Ìyá ń pè mí, wọ́n ní ṣé ìwé ni àwọn yóò fi jẹ iyán lónìí, mo ń bọ̀ mà, orúkọ tí mo fẹ́ ni