Wáyà Tí Mo So Mọ́lẹ̀kùn

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ohùn yín nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi.

Inú sìgá oníbátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní vape, ni mo ń tún ṣe fáwọn oníbàárà. Màá lọ́ wáyà tín-ín-rín méjì pọ̀, màá wé e bíi sípíríǹgì, màá wá ki òwú tó ń fa omi tó ń di èéfín bọ àárín.

Tẹ́lẹ̀, nígbà tí mo bá ń lọ́ wáyà, àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń di orí kejì mú. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ má gé mi níka o!" Ó ti gbéyàwó, ó ti kó lọ sílùú mìíràn. Ó ní kí n wá kí àwọn, mo ní ọwọ́ mi dí. Irọ́ ni.

Ní báyìí, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo ń so wáyà mọ́. Ilẹ̀kùn kì í ráhùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí ẹ̀gbọ́n pe àbúrò rẹ̀, kó ní àárò rẹ̀ ń sọ òun? Torí bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn yẹn nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, wáyà á já ni. Kò tíì já rí.