Ìka Tí Verdell Nà

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Keje, 1956
A ti wọ Georgia. Lem tá a jọ ń kọrin ló ń wa mọ́tò. Verdell àbúrò mi àti Àgbá ń sùn lẹ́yìn. Cleotha ni ìyá Àgbá sọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ti àyà ẹ̀ jáde ò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù wa ń ké lórí rédíò ní gbogbo ìlú tá a gbà kọjá. Ó yẹ kínú mi dùn. Lọ́jọ́ tá a kúrò ní Pittsburgh, Màmá dì mí lápá mú: "Hosea, bó o ṣe mú àbúrò ẹ lọ ni kó o ṣe mú un bọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ìka yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tá a bá kọrin dé "ìwọ ni, ìwọ nìkan," Verdell tó ń lé orin á nàka sáàárín èrò, àwọn ọmọbìnrin á figbe ta. Nílé, kò séwu. Níbí, okùn ni wọ́n ń ta sáàárín gbọ̀ngàn — òyìnbó lápá kan, àwa dúdú lápá kejì. Dúdú tó bá nàka bẹ́ẹ̀ sọ́mọbìnrin òyìnbó, wọ́n lè pa á. Ọ̀gá Tolliver tó ń kó wa kiri ní kó máa nà án sápá àwọn tiwa. Mo ní kó kúkú má nàka rárá. Verdell ní ìka yẹn ló ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Àgbá ní ó dájú pé ejò lé Màmá nígbà tó lóyún mi ni mo fi ń ṣojo báyìí.

Ọjọ́rú, 11
Ó lọ dáadáa. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 12
Ọlọ́run o.
Ẹnu ọ̀nà ni ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti sọ fún Tolliver pé àwọn tiwa wà lọ́tùn-ún. Tolliver sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ẹni tó ń wọlé ni! Àwa tá a kọjú sẹ́nu ọ̀nà, òsì wa nìyẹn. Iná ń tàn sí wa lójú, a ò rí ẹnikẹ́ni. Verdell nàka sọ́tùn-ún — ọmọbìnrin òyìnbó kan ló bọ́ sí. A gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá wa.
Àwọn ọkùnrin òyìnbó tẹ̀ lé wa dé yàrá ẹ̀yìn, ọlọ́pàá wà láàárín wọn. Aṣọ kan náà la wọ̀, irun dídán kan náà, wọn ò dá wa mọ̀ yàtọ̀. Wọ́n bi wá: "Èwo ló nàka nínú yín?" Verdell lanu. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, mo tì í sẹ́yìn mi. Àgbá wò mí. Ó wo Verdell.
"Èmi ni, sà."
Wọ́n mú Àgbá lọ. Àwa sá. Verdell ti gé mi lọ́wọ́ jẹ nígbà tí mo bò ó lẹ́nu, ọwọ́ náà ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Ilé. Verdell ò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́yà tí Tolliver bẹ̀ ní Àgbá wà látìmọ́lé, ó ṣì ń mí lánàá. Lánàá!

Ọjọ́ Àìkú, 15
Ìyá Àgbá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ta ló nàka. Mo ní mi ò mọ̀. Verdell wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16
Tolliver ti rí olóhùn ìsàlẹ̀ mìíràn. Verdell ò yọjú síbi ìfidánrawò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Ibùsùn ẹ̀ ṣófo. Ó sọ fún Màmá pé Cleveland lòun ń lọ. Mo sáré dé ibùdókọ̀. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ti Georgia ni Verdell rà. Ó fẹ́ lọ sọ pé òun ló nàka. Wọ́n á pa á. Wọ́n á pa àbúrò mi.
Mo délé, Màmá ń bó ọ̀dùnkún. Ó wojú mi, ó ní ta ló kú. Mo jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sunkún. Ó fọwọ́, ó nù ún.
"Lọ pe Lem. Ká yà mú ìyá Cleotha. Àwa ìyá wọn là ń lọ."
Mo ní kò ṣeé ṣe, mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀. Ó ti jókòó sínú mọ́tò báyìí, fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí, kò wojú mi. Lem ń tẹ fèrè mọ́tò. Mò ń bọ̀.