A Ń Retí Ọ̀gá Rẹ Lóko

Kàbbà,
Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, 1957.

Táòfíkì ọmọ mi,

Okun o. Okun ìwé kíkà, okun àìrójú, okun ilẹ̀ àjèjì. Ṣé ara rẹ le? Ṣé oúnjẹ Ìbàdàn ń bá ọ lára mu? Ọlọ́run Ọba tó mú ọ gun lọ́rì lójú wa níbí kò ní jẹ́ kí ojú tì wá lórí rẹ, àmín. Ìyá rẹ Àsíyátù kí ọ, ó ní òun kí ọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìwé rẹ tó dé kẹ́yìn, orúkọ èmi nìkan lo kọ sí òkè rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bí, akọ kan, abo kan, n ó sì sọ fún ọ ohun tí ìyá wọn ṣe mí láìpẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, a ti parí kíláàsì àwọn àgbà, nítorí náà má wo bí lẹ́tà mi ṣe ń wọ́ bí ọgbà tí ẹran ti fara nù, ohun tó ń sọ ni kí o wò.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀gá rẹ ni yóò ṣáájú, nítorí pé oko mi wà nínú rẹ̀.

Mo ka ìwé rẹ títí, mo tún gbé e fún Tíṣà Ernest tó kọ́ wa ní kíláàsì pé kí ó kà á sí mi létí, kí n lè mọ̀ bóyá ojú mi ló ń fo nǹkan. O ní gbogbo ìsinmi gígùn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún yín, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò ní Gbági lo ti lò ó, tí o ń kọ́ iṣẹ́ òwò. Ìsinmi tí wọ́n fún ọ kí o fi sinmi, iṣẹ́ lo fi ṣe. N kò bá ọ wí, ọmọ mi ni ọ́. O ní aago kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ti káádì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí aago náà á sì tẹ àkókò tó dé sí i lára. Èyí dára, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pẹ́ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ṣé aago á bi í pé ara ọmọ ńkọ́? O tún ní wọ́n kọ́ ọ pé kí ìkíni orí tẹlifóònù má gùn, nítorí pé bí àkókò ṣe ń lọ ni owó ń lọ. Mo dán an wò lọ́jà. Mo kí Àsàmọ̀ aládùúgbò wa ní okun kan péré, mo kọjá lọ. Kí n tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti wá ń bẹ ìyá rẹ pé kí ó bá òun bi mí léèrè ohun tí ọkọ òun fi ṣẹ̀ mí.

O ní àpótí dígí ńlá kan wà níwájú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kó aṣọ àti bàtà tó dára jù sínú rẹ̀, wọn kì í sì í tà á, kí àwọn èrò ọ̀nà lè máa wò ó ni. Mo rò ó títí, mo rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Mo gbé iṣu tó tóbi jù nínú èyí tí a wà, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tà á. Ní ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́ dúdú ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Nítorí náà mo gbà pé ẹ̀kọ́ náà dára, dígí ni n kò ní.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tí ọ̀gá rẹ ń sanwó fún lọ́dọọdún nítorí iná. O ní bí ilé ìtajà bá jó, àwọn ni yóò fún un lówó tí yóò fi kọ́ ọ padà. Bí kò bá sì jó, wọn kò ní dá nǹkan kan padà. Mo bi Tíṣà bóyá àwọn ni wọ́n ń lé iná lọ. Ó ní rárá, wọ́n kàn ń dúró ni. Iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn máa dúró de iná ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi dúró sí jù ni fọ́ọ̀mù tí o ní wọ́n fún ọ kọ ní ọjọ́ tí o dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n béèrè orúkọ bàbá rẹ, ìlú rẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe, o sì kọ ọ́ pé Sùlèímánì, Kàbbà, àgbẹ̀. O ní wọn kò san owó oṣù fún ọ, pé ìwọ ń bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn náà ń ṣe tiwọn fún ọ. Àti pé ní ọjọ́ tí o fẹ́ padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun kò ní gbàgbé ohun tí o ṣe. Táòfíkì, ìwọ náà wò ó. Ẹni tó bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ láìgba owó, tí wọ́n sì béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú tí oko bàbá rẹ̀ wà, kí là ń pe ìyẹn bí kò ṣe àáró? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é: mo bá ọ kọ ebè lónìí, o bá mi kọ tèmi lọ́jọ́ mìíràn, kò sí owó láàrin wa. Ta ni yóò béèrè ọ̀nà oko ènìyàn tí kò ní wá?

Ni mo bá lọ bá Láwọ̀yín, olórí ẹgbẹ́ àáró wa, mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò lọ́dún yìí. O mọ̀ pé ìbàdí mi kò gbádùn mọ́, kí n kọ ebè lóko Láwọ̀yín, kí n kọ ọ́ lóko Àsàmọ̀, kí n tó rí ẹni bá mi kọ tèmi, ó ti ń pọ̀ jù fún mi. Mo ní ọmọ mi ti ṣe àáró tèmi ní Gbági, àwọn ibẹ̀ ni yóò wá kọ ebè mi. Láwọ̀yín wò mí, ó bi mí bóyá òyìnbó mọ ebè kọ. Mo ní bí òyìnbó kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn akọ̀wé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣebí ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àsàmọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Àsàmọ̀, ibi òkú gan-an ló ti lè rẹ́rìn-ín.

Mo ṣán ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò yẹn fúnra mi, díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ ya iṣu tí a máa gún sọ́tọ̀, ó tiẹ̀ bi Tíṣà bóyá òyìnbó ń jẹ ata. Mo yá ọkọ́ kún tèmi, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo fi èyí tó fúyẹ́ jù sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, mo lọ dúró níbi tí lọ́rì ń já èrò sí. Ọ̀kan dé, iyọ̀ àti páànù ló kó. Òmíràn dé, àwọn ará Ẹ̀kìnrìn-Àdé tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀ ló kó. Mo tún lọ ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e. Òjò ti ń dá, ilẹ̀ ti ń le, bí ilẹ̀ náà bá sì gbẹ tán láìkọ ebè, kò sí iṣu fún wa lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sí ohun tí a máa tà fi sanwó kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ. N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí.

Ìgbà náà ni Tíṣà Ernest mú mi jókòó. Ó ní kì í ṣe àáró. Ó ní ohun tí o kọ́ níbẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ, o ti gbà á, ó wà nínú ọpọlọ rẹ, ọ̀gá kò jẹ ọ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kankan. Ìyá rẹ ní bí kì í bá ṣe àáró, a jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ ni, ọ̀wẹ̀ sì rèé, àna ẹni là ń bẹ̀ ẹ́ fún tí a kì í retí kí ó san án padà. Ó ní kí n bi ọ́, kí o má fi bò, ṣé ọ̀gá náà ní ọmọbìnrin ni? Bí ó bá ní, kí o tètè sọ, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ń gba iṣu mọ́ ẹrù ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà ni mo gbé lọ sùn. Inú kò bí mi, mo kàn ń rò ó ni. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ owó iṣẹ́, ó dára, olè kò lè jí i, àmọ́ a kò lè kó o lọ kọ ebè. Mo tún wá rántí àwọn tó ń dúró de iná. Ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, àjèjì ló ń sanwó fún kí ó tó rí ẹni bá a kọ́ ilé rẹ̀ bí ó bá jó. Èmi, lọ́dún tí a bí ọ tí abà mi jó, kí oòrùn tó wọ̀ ni Láwọ̀yín àti àwọn yòókù ti ń gé igi fún mi, kò sì sẹ́ni tó gba owó iná lọ́wọ́ mi rí. Àṣé mo ti ń san án láti ọjọ́ yìí wá, ọkọ́ ni mo fi ń san án. Ọdún tí ìbàdí mi kò dára gan-an ni mo wá lọ fi ẹnu ara mi sọ pé n kò san mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ́ kan, mo lọ bẹ̀rẹ̀ ebè náà fúnra mi. N kò tíì kọ ju ìlà kan lọ tí mo gbọ́ ohùn Àsàmọ̀ lẹ́yìn mi, ó ní okun o, pé àwọn ará Gbági ti dé. Láwọ̀yín ló ṣáájú, gbogbo ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àsàmọ̀ ló gbé ọkọ́ fífúyẹ́ tí mo fi sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ, ó ní òun ni òyìnbó, kí ẹnikẹ́ni má fi ìkíni gígùn dá òun dúró. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi, n kò tijú láti kọ ọ́ sí ọ. Ilẹ̀ náà tán pátá kí a tó kírun Àsárì.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo ní n ó san án fún wọn bí ìbàdí mi bá gbà. Láwọ̀yín ní ìbàdí mi kọ́ ni àwọn wá bá dá àáró. Ó ní àáró kì í ṣe sàráà, bí wọ́n bá fi ji èmi lónìí, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n fi ji òun lọ́la, ẹgbẹ́ á sì tú. Ó ní Táòfíkì ni yóò san án. Ó ní ọmọ tó fi odidi ìsinmi bá ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò ní kọ̀ fún àwọn tó gbé e jó lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo ní yóò wá. Orúkọ rẹ ni mo fi dúró láàrin wọn, n kò sì bi ọ́ kí n tó fi dúró.

O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ọ̀gá ní kí o tún padà wá nígbà ìsinmi Kérésì. N kò ní kí o má lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láyé. Lọ́jọ́ mìíràn, lọ kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, aago ni o, dígí ni o, kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, ilé ni. Ọkà bàbà yóò wà láti kó, iṣu yóò wà láti gbìn, oko Láwọ̀yín ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ti Àsàmọ̀ á tẹ̀lé e, wọn yóò sọ ìyókù fún ọ. Bí o kò bá wá, kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Wọn kò kàn ní pè mí mọ́ ni. Bí ọ̀gá rẹ bá sì fẹ́ bá ọ wá wò wá, mú un bọ̀, a ti gba ọkọ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Àsàmọ̀.

Bí ṣílè díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, nítorí pé àwìn ni ìyá rẹ gba epo àti ẹja tí a fi bọ́ wọn, kí o sì bá mi wá òróró tó ń ta lára tí wọ́n fi ń pa ìbàdí. Bí kò bá sí, má torí rẹ̀ yáwó, ọwọ́ rẹ méjèèjì ni kí o mú wá.

Mo ti gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tuntun sí ọkọ́ rẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọn ibi tí o máa dì mú, nítorí mo gbìyànjú láti rántí bí ọwọ́ rẹ ṣe tóbi tó, n kò rántí mọ́. Kí Ọlọ́run sọ̀nà di pẹrẹsẹ fún ọ, kí ó mú ọ dé, kí o wá dì í mú kí n rí i, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlèímánì,
Kàbbà,
àgbẹ̀.