Èmi Ò Ní Pa Kọ́mà Ara Kànga Mi Rẹ́

Bàrákàt ọmọ mi,

Asàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú nípa rẹ láéláé. Àwa náà wà níbí ní Mọdákẹ́kẹ́, a ń dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá gbogbo àdúgbò jà.

Ọ̀rọ̀ tí o pè mí sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ fèsì sí, torí bí o ṣe sọ tìrẹ tán ni fóònù já, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Inú bí mi o, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa kì í bo kànga. Wọ́n á fa omi tán, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ gbayawu, títí ewúrẹ́ Lágúnjú ará ilé kejì fi já sínú rẹ̀, tí a fi okùn fà á jáde, tí Lágúnjú wá ń bú mi bí ẹni pé èmi ni mo tì í. Tó bá jẹ́ ọmọ èèyàn ńkọ́? Ni mo bá lọ ra ọ̀dà pupa lọ́wọ́ Láoyè ní Mayfair, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà fi ọwọ́ ara mi kọ gẹ̀ẹ́sì sára kànga: I DUG THIS WELL, YOU COVER IT. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bò ó. Àfi bí Fàrídà, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá iwájú, ṣe ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, tí fọ́tò náà sì dé Àbújá láìwọ mọ́tò.

O ní àwọn tí ẹ jọ ń tún gẹ̀ẹ́sì ṣe ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn yín ń fi mí rẹ́rìn-ín, ojú sì tì ọ́. O ní kọ́mà kò lágbára tó láti so odindi gbólóhùn méjì pọ̀, pé kí n fi "so" ti gẹ̀ẹ́sì tì í lẹ́yìn, tàbí kí n pa á rẹ́, kí n fi fúlúsítọ́ọ̀pù síbẹ̀. Kọ́mà wo ni kò lágbára? Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì ni mo fi kọ ọ́! Òjò na án títí, kò ṣí. Mo fi ìṣó ha á wò, kò ṣí. Fúlúsítọ́ọ̀pù ńkọ́? Tí wọ́n bá ka tèmi tán, tí fúlúsítọ́ọ̀pù dá wọn dúró síbẹ̀, ta ni yóò dé ibi tó kàn wọ́n? Ta ni yóò bo kànga?

Àánú mi ṣe Fàrídà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ bá mi fi "so" yẹn sí i. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ tèmi ló rí àṣìṣe, ọmọ tèmi ni yóò wá tún un ṣe. Iléyá tó kọjá o ò wá, èyí tó ṣáájú rẹ̀ o ò wá, o ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí o ráyè. Bàrákàt, o ráyè wo kọ́mà, o ò ráyè wo ojú mi. Ìyẹn ló dùn mí, kì í ṣe ẹ̀rín àwọn ará ọ́fíìsì yín.

Ọ̀dà tó kù ti gbẹ, nítorí náà fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, kí o sì fi nǹkan lé e fún òògùn orúnkún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n má fi "so" yẹn ránṣẹ́ lórí fóònù o, mi ò ní gbà á. Àyè wà lókè kọ́mà náà tí wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Èmi ni bàbá rẹ, Mùhámmẹ́d Ọlátẹ́jú.

Mo ti fọ búrọ́ọ̀ṣì, ìwọ máa bọ̀ nílé.