Ilé Ìwé Mẹ́ta Tí Mo Lọ Wò Nítorí Wynne

Lorelle ọmọ mi, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọ̀rẹ́ ẹ tẹ́ ẹ jọ ń gbé, sọ fún un kó jókòó kóun náà gbọ́, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àti ìwọ ọmọbìnrin tó ń bá mi kọ̀wé nínú fóònù yìí, o kú iṣẹ́ o, ohun tí mo bá sọ ni kó o kọ, má fi tìẹ kún un.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ọsibítù yẹn ò pa ẹ́ lára jù? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ nígbà yìnyín á bọ́ ẹ ní Chicago, wàá parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn láyọ̀. Àwa náà wà níbí. Orúnkún mi ń sọ tẹnu ẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Wọ́n tún ti kọ́ ilé sórí ibi tí bàbá ẹ máa ń gbin àgbàdo sí tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ jọra bí eyín, ọ̀kan nínú àwọn tó kó débẹ̀ sì wá bẹ̀ mí pé ṣé àkùkọ mi ò lè máa rọra kọ láàárọ̀. Mo ní kó lọ bá àkùkọ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti Wynne ọmọ ẹ. O ní kí n yẹ ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè lọ lẹ́yìn ọlidé wò, pé ọ̀la ọjọ́ Ẹtì lo gbọ́dọ̀ tẹ èyí tẹ́ ẹ bá mú sórí kọ̀m̀pútà, pé èyí tó gba máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wù ẹ́. Mo gbọ́. Àmọ́ láti ìgbà tó o ti gbé ọmọ yìí wá bá mi, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń dáhùn o, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀. Búrẹ́dì tí mò ń dì fún un, yàrá ìkàwé ilé ìwé tó wà báyìí ló ti ń dá a jẹ, ó ní ibẹ̀ dákẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí ló fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe? Ibi tó ti máa rẹ́ni bá jẹun, òun lèmi wá kiri.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Hollis Glen, èyí tó gba méje. Bí mo ṣe yà sọ́nà wọn lọ́sàn-án, ọkọ̀ ti tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ń rìn bí ìgbín, kò sẹ́ni tó ń fun fèrè, gbogbo ojú le koko. Mo ní háà, òkú ẹni ńlá rèé. O mọ̀ pé mi kì í rí òkú kí n má sin ín díẹ̀. Mo tan iná ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí tí wọ́n bá ń sìnkú, mo ṣí fìlà bàbá ẹ tí mo máa ń dé wakọ̀, mo tò sẹ́yìn wọn, mo tiẹ̀ ti ń sunkún díẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Ó bi mí pé kí lorúkọ ọmọ mi. Mo ní tèmi wà láàyè, kí Ọlọ́run tu àwọn tó kù nínú. Ó ní mà, àwọn òbí tó wá gbé ọmọ wọn nìyí o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tò bẹ́ẹ̀! Ọmọ tí wọ́n ń fi ojú òkú wá gbé, báwo ló ṣe fẹ́ rẹ́rìn-ín? Mo yọ tiwọn kúrò.

Fairmoor Ridge tó gba mẹ́sàn-án ní àwọn ò gba àlejò báyìí, àfi kí n wo inú ilé ìwé náà lórí fóònù. Ìyá Petrosky tó múlé tì mí ló bá mi ṣí i. Mo wọ bàtà dáadáa, torí mi ò mọ̀ bóyá àwọn náà ń rí mi. A wọlé. Ilẹ̀ ń dán. Kò sọ́mọ kankan. A dé kíláàsì, kò sọ́mọ. A dé yàrá ìjẹun, àga dojú dé sórí tábìlì. Mo kí wọn títí, kò sẹ́ni tó jẹ́ mi. Lọ́jọ́ kejì a tún padà lọ, lọ́wọ́ àárọ̀ tí gbogbo ọmọ wà ní kíláàsì, òfo náà ni. Ìgbà yẹn ni mẹ́sàn-án wọn wá yé mi. Ilé ìwé tí ò lọ́mọ, ta ló fẹ́ feèlì níbẹ̀? Bí mi ò bá sin adìẹ, adìẹ mi kan ò ní kú láéláé. Ìyá Petrosky ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán ni, ìgbà ọlidé ni wọ́n yà á. Mo ní kò burú, àmọ́ ẹni tó dúró kí gbogbo ọmọ jáde kó tó ya ilé ìwé, kí ló ń fi pamọ́ fún mi?

Ó wá ku Tobin Creek tó gba mẹ́rin, tó o ní kí n má wulẹ̀ yọjú sí. Mo mú Wynne dání. A ò tíì sọ̀ nínú ọkọ̀ tá a ti ń gbọ́ ariwo wọn. Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí. Wọ́n ti ìwé ìwakọ̀ mi bọ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ sì pọ fọ́tò mi jáde lórí bébà tí wọ́n fi ń mọ àlejò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Wọ́n bu oúnjẹ fún Wynne. Ó gbé e dúró síbi ògiri, bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n so wáyà mọ́ eyín ẹ̀ kó lè tò bá gbójú sókè, ó ní ṣé ó máa jẹ ọ̀dùnkún díndín yẹn ni àbí ó fẹ́ tọ́ ọ dàgbà. Wynne ní kò sí àga. Ọmọ yẹn fi ìgbùnwọ́ gbá ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ní sún, ṣé ìjókòó ọba ni tìẹ? Ni Wynne bá jókòó. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ń ṣí ó ń pa dé títí aago fi lù.

Mo bi pírínsípà pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin. Kò fi pa mọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ òun ń sọ èdè mìíràn nílé, ọdún àkọ́kọ́ máa ń nira fún wọn, ìṣirò sì ń da tolórí tẹlẹ́mù láàmú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ mi tó wà ní Chicago á máa kọ́ Wynne níṣirò lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Mo ti ṣèlérí o, má dójú tì mí.

Lorelle, mo mọ̀ pé o fẹ́ kó ga jù ẹ́ lọ. Èmi náà fẹ́ kí ìwọ ga jù mí, o sì ga. Àmọ́ jọ̀ọ́, bó o bá dé ìdí kọ̀m̀pútà lọ́la, Tobin Creek ni kó o tẹ̀. Kó o sì fi owó epo ọkọ̀ ránṣẹ́, àti ti táyà ẹ̀rọ tó ń gé koríko, torí àwọn ará ilé tó jọra yẹn ti ń wo koríko mi bí ẹni ń wo olè. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ. Ibi tó o bá ń lọ á gbà ẹ́, ilẹ̀kùn tó o bá kàn á

Dúró ná. Bọ́ọ̀sì ti já Wynne sílẹ̀. Ó ti wọlé. Ó ń bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní màmá ẹ ni. Ó ní kí n gbé fóònù wá, pé òun lọ́rọ̀ tóun fẹ́ bá a sọ. Ọ̀rọ̀, Lorelle! Ó ní òun lọ́rọ̀! Mo ti ń nà án sí i